Kí Ọmọ Kọ́ Iṣẹ́ Oògùn Kó Tó Tà Á

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́,

Bí ẹ bá fẹ́ yáwó ṣí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì fún ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. Oògùn kì í ṣe gàrí. Ẹni tó ṣi gàrí wọ̀n, owó ló pàdánù. Ẹni tó ṣi oògùn fúnni, ẹ̀mí ni. Bí ìjọba bá sì ti ṣọ́ọ̀bù tí kò níwèé àṣẹ pa, gbèsè ẹgbẹ́ ò ní í tì í tẹ̀ lé e. Ọrùn onídùúró ló ń bọ̀.

Ọmọ tó ní kírẹ́dítì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, lè fi ọdún 3 kọ́ iṣẹ́ pharmacy technician, olùrànlọ́wọ́ apoògùn, ní ilé ìwé gíga ìlera ìpínlẹ̀ wa ní Ilese-Ijebu. Ilé ìwé yòówù tí ẹ bá yàn, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá Pharmacy Council of Nigeria fọwọ́ sí i.

Ẹ ní ọdún 3 pẹ́? Ọdún mélòó lọmọ fi ń kọ́ṣẹ́ télọ̀?

Èrò tèmi ni pé kí ẹgbẹ́ máa fi owó ilé ìwé ṣáájú owó ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ìpàdé.

Akọ̀wé yín ni.