Èwo Ni "Mò Ń Rì"?

"Mò ń rì sínú iṣẹ́ àṣetiléwá." Irú gbólóhùn báyìí ti wọ́pọ̀ nínú àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama wa. Òmíràn a ní koríko kan ló kù tí yóò ṣẹ́ ràkúnmí òun lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ Yorúbá ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi rò ó.

N kò bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Bí òyìnbó bá ní iṣẹ́ bo òun mọ́lẹ̀ bí òjò dídì, ohun tó ń rí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nígbà òtútù ló fi ṣe àkàwé. Ìdí ààrò ni àwọn ìyá wa ti rí tiwọn. Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí mọ̀ pé bí omi bá pọ̀ ju ọkà lọ, àfi kí a wá èlùbọ́ kún un. Bí èlùbọ́ bá sì ti tán nílé, ọ̀ràn dé nìyẹn. A kọ́ àwọn ọmọ ní àkànlò èdè yìí, wọ́n há a sórí de ìdánwò, ó parí síbẹ̀. (Ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorúbá ṣì wà, ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí.)

Àwọn kan yóò ní ṣebí Amos Tutùọlá náà kó Yorúbá wọnú Gẹ̀ẹ́sì nínú The Palm-Wine Drinkard ní 1952, tí Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, sì yìn ín. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Tutùọlá ní ohun tó ń kó lọ. Ọmọ tiwa ń kó ti ẹlòmíràn wálé láì yẹ àká baba rẹ̀ wò.

Ohun tó wà nínú àká náà kì í sì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún ń wá olùrànlọ́wọ́. Ẹni tí nǹkan tojú sú ń fẹ́ ẹni tí yóò la ọ̀rọ̀ yé e. Ẹni tí omi tẹ̀yìn wọ̀ lẹ́nu bí ìgbín, ibi tí kò fojú sí ni wàhálà gbà wọlé tọ̀ ọ́. Ti ẹni tí ayé sú tún yàtọ̀ pátápátá: a kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Bí ọmọ bá wá kọ ọ́ pé òun "ń rì", èwo ni kí olùkọ́ mú níbẹ̀?

Nítorí náà, n kì í kàn fa ilà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo máa ń pe ọmọ náà, mo máa ń bi í pé: ṣé ọwọ́ rẹ ló kún ni, àbí nǹkan tojú sú ọ? Ọ̀pọ̀ nínú wọn a dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn.