Fọwọ́ Ara Ẹ Ri Séèfù Ẹ Mọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí lè dun àwọn bírikìlà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ọ́: séèfù tí ẹ bá pe èèyàn wá bá yín rì mọ́lẹ̀ ti di ti gbogbo àdúgbò. Bírikìlà kì í dá wá. Ó máa mú ọmọ iṣẹ́ méjì dání. Èyí tó ń po símẹ́ǹtì ń wo ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, èyí tó ń bu omi ti mọ ọ̀nà yàrá. Wọn ò tiẹ̀ ní láti jẹ́ olè o. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á jókòó lọ́dọ̀ olóúnjẹ, wọ́n á ní, "Ẹ wá wo àpótí irin tí bọ̀dá yẹn ní!" Ó parí.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nídìí kọ̀ǹpútà á ti máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á rán mi létí Auguste Kerckhoffs, tó kọ ọ́ ní 1883 pé ètò àṣírí tó dáa kò gbọdọ̀ bàjẹ́ bí ọ̀tá bá tiẹ̀ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló yẹ ká fi pa mọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ ta ni ọ̀tá? Ṣebí ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa nìyẹn ká tó kọ kóòdù kankan. Olè méjì ló wà. Ọ̀kan ń wá nígbà tí ẹ ò sí nílé; kọnkéré ló ń dá ìyẹn dúró. Ìkejì ń gbé ìbọn wá lóru. Ìyẹn ò ní fọ́ kọnkéré kankan, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣí i fún un. Ohun tó lè gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀ ni pé kó má mọ̀ pé séèfù wà rárá. Ọ̀rọ̀ Kerckhoffs ò kan olè oníbọn.

Àwọn baba wa tó ń ri ìkòkò owó ẹyọ mọ́lẹ̀, ṣé wọ́n pe èrò wá wò ó ni? Ibi tí tiwọn ti ń wọ́ ni pé ẹlòmíì kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún ẹnì kan, ẹnì kan péré.

Iṣẹ́ náà ò sì le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Yàrá ìsàlẹ̀ ni o, kì í ṣe orí dẹ́kìn, torí irin àti páìpù wáyà wà nínú dẹ́kìn. Ẹ ra séèfù tó ní ihò nídìí. Ẹ gbé e síbi tó máa wà, ẹ sàmì sí ojú ihò, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ wá fi dírílì kọnkéré lu ilẹ̀, kó jìn ju bóòtù lọ díẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ nìyí: wọn kì í kó eruku inú ihò. Ńṣe ni bóòtù yẹn ń fẹ̀ nínú ihò láti di kọnkéré mú. Tí eruku bá wà láàárín wọn, ó máa kàn máa yí lásán ni. Ẹ fẹ́ eruku jáde, ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ẹ tún fẹ́ ẹ. Inú séèfù lẹ ti máa de bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹni tó wà níta má rí orí wọn tú.

Ọ̀rinrin ilẹ̀ ń ba ìwé jẹ́, torí náà ẹ fi náílọ̀n we ìwé ilẹ̀ àti sátífíkéètì yín.

Tí aládùúgbò bá bi yín pé kí lẹ ń lù, wọ́ọ̀dúróòbù lẹ ń kàn.