Java kọ́ ló bí JavaScript

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá sọ fún yín pé "Ẹ ti mọ Java, ẹ ti mọ JavaScript nìyẹn" ń ṣì yín lọ́nà. Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́pọ̀ jù láàárín wa, ó sì tó kí a dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Lóṣù Karùn-ún ọdún 1995, ọjọ́ 10 péré ni Brendan Eich fi kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́ èdè yìí ní iléeṣẹ́ Netscape. Mocha ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ó di LiveScript, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá wọ́n sọ ọ́ di JavaScript, torí pé Java ti Sun Microsystems ni gbogbo ayé ń pariwo nígbà náà. Orúkọ ọjà ni. Inú èdè Self ni Eich ti mú prototype, inú Scheme ló ti mú ọwọ́ tó fi mú function. Ojú lásán ló fi jọ Java.

Ní Java, ohun tí class bá là sílẹ̀ ni object máa ní, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní JavaScript, object lè wà láìní class kankan. Bí ẹ bá wá method lára rẹ̀ tí kò sí, á lọ wò ó lára prototype rẹ̀, bí ọmọ ṣe ń lọ yá ọkọ́ nílé bàbá. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó di ilé bàbá àgbà.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí class ti wọ JavaScript láti ọdún 2015?" Ó wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ẹ kọ `class Akeko {}`, kí ẹ wá bèèrè `typeof Akeko`. "function" ló máa dá yín lóhùn. Aṣọ ni wọ́n dà bo prototype.

Ti `this` ló tún le jù. Bí a ṣe pe function ló ń sọ ohun tí `this` jẹ́. Ẹ gbé `akeko.dahun` fún `setTimeout`, `this` kò ní mọ akeko mọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àṣekágbá ọ̀pọ̀ wa ti ń dẹnu kọlẹ̀, tí a óò wá máa bú èdè olódè. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni ju Java nù. Java kì í gbà kí ẹ yọ 1 kúrò nínú "5". JavaScript á fún yín ní 4, kò ní bi yín ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ kan parí JavaScript nítorí pé a ti ṣe Java lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ fi oṣù kan gbáko kọ ọ́ láìfọwọ́ kan class: object lásán, function tó ń dá function padà, `Object.create`. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó wọ aṣọ náà. Ẹ óò ti mọ ohun tó bò.