ÒKÈ ÀDÓ-ÀWÁYÈ KÌ Í ṢE FÚN ÀÀWẸ̀ NÌKAN

Ọ̀rọ̀ yìí lè má dùn mọ́ gbogbo wa, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gun òkè Àdó-Àwáyè lọ gbàdúrà. Lọ́dún tó kọjá, àbígbẹ̀yìn mi bi mí pé, "Dádì, ṣé wọ́n máa ń fìyà jẹ yín lórí òkè yẹn ni? Ẹ máa ń rù bọ̀, ẹ ò sì ní fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé adágún omi wà lókè ibẹ̀!

Ni a bá di ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín, a kúrò n'Ìbàdàn láàárọ̀ Sátidé kan. Àtẹ̀gùn òkè yẹn lé ní 300. Àwọn ọmọ ń kà á títí tó fi dàrú mọ́ wọn lójú. A rí àpáta ńlá kan tó jókòó sórí òmíràn bí ẹni pé atẹ́gùn lè tì í ṣubú. A dé ibi Ìyákẹ́, omi tó dúró jẹ́ẹ́ lórí àpáta. Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ mọ irú ibí yìí, ẹ ò mú mi wá?" Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ bá mi wá èsì.

Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀, a ya Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè. Ọmọbìnrin mi dúró ti bàbá kan nídìí òfì, kò fẹ́ kúrò mọ́. Ẹni tó bá ní ọjọ́ méjì lè dé Ikere Gorge, níbi tí ìjọba ti sé odò Ògùn.

Bí mo ṣe gbé fọ́tò síta, arákùnrin kan pè mí: "Pásítọ̀, omi òrìṣà lẹ kó àwọn ọmọ lọ?" Lóòótọ́, wọ́n ti ń bọ Ìyákẹ́ tipẹ́. Àmọ́ ta ló dá a? Ọlọ́run dá omi kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtibọ ọ́. Tá a bá kó gbogbo òkè àti odò lé Sátánì lọ́wọ́, kí ló kù fún Ẹni tó dá wọn? Etí adágún Gálílì ni Jésù ti ń kọ́ni. Nínú Máàkù orí 6, òun fúnra rẹ̀ ló ní káwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wá sí ibi ìdákẹ́jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Ohun tó ń dùn mí nìyí: a máa ń rówó aṣọ ẹbí, a kì í rówó mọ́tò láti mú aya wa jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ wa mọ London nínú fóònù, wọn ò mọ Òkè-Ògùn. Tí wọ́n bá dàgbà, ìbínú wa àti ààwẹ̀ wa nìkan ni wọ́n máa rántí.

Àmọ́ o, ìgbàgbọ́ kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ nínú omi yẹn. Ẹ mú ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà dání. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, ẹ gbé omi mímu, ẹ tètè gùn kí oòrùn tó mú. Tó bá jẹ́ pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó dúró nísàlẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀. Kí ẹ sì kó ọ̀rá yín padà wálé.

Kí oṣù yìí tó parí, ẹ mú ọjọ́ kan. Kò ní sí ìpàdé, kò ní sí kókó àdúrà. Ẹ̀yin, ìyàwó àti àwọn ọmọ yín nìkan. Ìyẹn náà, ìjọsìn ni.

Olúwa yóò ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Ẹ kọ Àmín sísàlẹ̀, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ máa mú ìdílé yín lọ.