Irọ́ Ni! Kò Sí Ayàwòrán Tí Kì í Wo Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín wa tó ti pẹ́ débi pé ó ti ń jọ òótọ́. Wọ́n ní ayàwòrán gidi, iṣẹ́ náà bá a wáyé ni. Wọ́n ní kì í wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni, pé ohun tí Ọlọ́run fi sí i lórí ni ọwọ́ rẹ̀ ń tú jáde. Bí ọmọ bá gbé àwòrán ẹlòmíràn síwájú tó ń wò ó yà, òbí á ní, “O ń jíwòó ni yẹn, èyí kì í ṣe ẹ̀bùn.” Bí oníròyìn bá bi ayàwòrán léèrè pé ta ló fi ṣe àwòkọ́ṣe, òmíràn á fọwọ́ sọ̀yà pé òun kì í wo iṣẹ́ ẹnì kankan kí tòun má bàa bàjẹ́, àwọn èèyàn á sì pàtẹ́wọ́ fún un. Irọ́ ni. Irọ́ náà ń ṣe wá níbi, iṣẹ́ àwọn ayàwòrán fúnra wọn ló sì ń já a.

Vincent van Gogh ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Wọ́n á ní ọmọ Netherlands yìí dá wà, ara rẹ̀ ò yá, ìwọ̀nba ni ilé ẹ̀kọ́ tó lọ, síbẹ̀ wo bí àwòrán rẹ̀ ṣe rí! Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó. Ní ọdún 1887, nílùú Paris, ó mú àwòrán ọgbà igi eléso kan tí Hiroshige, ará Japan, ti ṣe nígbà tí Vincent ṣì kéré. Ó tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ tó ṣeé rí òdìkejì lé e lórí, ó fa gbogbo ìlà rẹ̀ yọ, ó wá fi rúlà pín in sí àpótí kéékèèké, kó lè gbé e sórí kánfáàsì láìjẹ́ pé ẹ̀ka igi kan yẹ̀. Bébà yẹn ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní Amsterdam. Nígbà tó kun àwòrán náà tán, ó fi àwọ̀ ọsàn sí etí rẹ̀ méjèèjì, ó sì ya lẹ́tà àwọn ará Japan sórí rẹ̀, lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kò lè kà, tó wò lára àwòrán mìíràn. Àwòrán Japan tí òun àti Theo àbúrò rẹ̀ kó jọ lé ní 600. Ṣé ẹni tí kì í wo iṣẹ́ ẹlòmíràn nìyẹn?

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó wà ní ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Saint-Rémy, níhà gúúsù ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí kò lè jáde, tí kò sì sí ẹni tí yóò jókòó fún un kó yà, iṣẹ́ ayàwòrán kan, Jean-François Millet, ló gbé síwájú: àgbẹ̀ tó ń fúnrúgbìn, àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn, tọkọtaya tó sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì koríko lọ́sàn-án gangan. Dúdú àti funfun lásán ni ohun tó rí wò. Ó yà wọ́n ju 20 lọ, gbogbo àwọ̀ tó wà níbẹ̀ ló sì jẹ́ tirẹ̀. Ó kọ̀wé sí Theo pé bí olórin ṣe ń lu orin Beethoven, tó sì ń fi òye ara rẹ̀ kún un, bẹ́ẹ̀ lòun ṣe ń ṣe é.

Ẹni tó bá ti dán an wò rí mọ̀ pé wíwò lásán yàtọ̀ sí kí èèyàn wò ó yà. Ojú á ní, “Ó mà dára o,” á sì kọjá lọ. Ọwọ́ ò lè kọjá. Ọwọ́ á dúró níbi èjìká tí ẹni àkọ́kọ́ ti fi ìlà kan ṣoṣo parí apá, á sì máa wádìí ìdí tí kò fi lo méjì. Á dé ibi òjìji, á rí i pé kì í ṣe dúdú rárá, pé àwọ̀ aró ni, pupa díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹ̀bùn àbínibí tó ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fún èèyàn lójú oorun.

Àwọn kan á ní Van Gogh ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni, pé bí iṣẹ́ bá ti wọra tán, kí lèèyàn tún ń wò? Wọn ò tíì gbọ́ ti Henri Matisse nìyẹn. Ní 1899, àwòrán rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tà, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, owó ò sí. Ó rí àwòrán kékeré kan tí Paul Cézanne ya nípa àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń wẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ fi òrùka rẹ̀ dúró kí wọ́n lè rà á. Ọdún 37 ni àwòrán náà fi wà lọ́wọ́ Matisse. Nígbà tó máa fi ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Petit Palais ní Paris lọ́rẹ ní 1936, gbogbo ayé ti mọ orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àwòrán yẹn ló gbé òun ró nígbà tí nǹkan le fún òun lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ gbé iṣẹ́ àwọn méjèèjì síra wọn. Ẹni tó bá pe Matisse ní ẹ̀dà Cézanne, ojú rẹ̀ ló yẹ kó lọ tọ́jú.

Kí wá ni tara ẹni nínú iṣẹ́? Ẹ wo Jacob Lawrence, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú tó dàgbà ní Harlem, nílùú New York. Ó máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan láti wo iṣẹ́ àwọn ará Ítálì ayé àtijọ́, ó fẹ́ràn àwọn ará Mẹ́síkò tó ń yàwòrán sára ògiri, kò sì fi pa mọ́. Ní 1940 sí 1941, ó ya àwòrán 60 lórí bí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ṣí láti gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àríwá. Òun àti Gwendolyn Knight, tó di ìyàwó rẹ̀, ló jọ kun pátákó wọn ní funfun. Lẹ́yìn tó fi pẹ́ńsù fa gbogbo rẹ̀ tán, ó tò wọ́n sílẹ̀, ó po àwọ̀ kan, ó fi kan gbogbo ibi tó yẹ lára pátákó 60 náà kó tó po òmíràn. Láti orí àwọ̀ tó ṣókùnkùn jù ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ síbi tó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ ewé tó wà lára ti àkọ́kọ́ kò fi yàtọ̀ sí ti ìgbẹ̀yìn. Wíwò ló sọ ọ́ di ẹni tó lè dá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ dá. Ní 1962 ó wá sí Nàìjíríà, wọ́n pàtẹ àwòrán rẹ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní 1964 ó tún padà wá, tìyàwótìyàwó, wọ́n lo oṣù bíi mẹ́jọ. Ẹni tó bá rí “Street to Mbari” tó yà lọ́dún náà, ọjà wa ló rí: èrò, aṣọ aláràbarà, páànù orí ilé.

Bẹ́ẹ̀, àwọn baba wa sọ ọ́: ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Kí ló wá dé tí a fi ń kọ́ ayàwòrán pé kó má dé oko ẹnikẹ́ni?

Lápá kan, àwọn òyìnbó amúnisìn ló fi kọ́ wa. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, ń wo àwòrán inú ìwé òyìnbó yà láti kékeré. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ nígbà tó ya ìyáàfin Spencer Savage ní 1906. Ó gbóríyìn fún Joshua Reynolds, ayàwòrán ará Gẹ̀ẹ́sì, ní gbangba. Ní 1920 ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ tirẹ̀ lórí iṣẹ́ ọnà, ó sì wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ṣẹ́ sí i. Òun náà ló ń rọ ìjọba títí tí wọ́n fi mú òyìnbó kan, Kenneth Murray, wá ní 1927 láti jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọnà. Ṣùgbọ́n èrò Murray ni pé kí àwọn ọmọ wa má wo ti òyìnbó, kí wọ́n dúró sórí ti ilé kí ọwọ́ wọn má bàa bàjẹ́. Mi ò ní gba iyì Murray lọ́wọ́ rẹ̀: ó fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn baba wa, ìsapá rẹ̀ ló sì bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan ní Èkó. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí Onabolu ló jàre. Picasso tó jẹ́ òyìnbó wo ère Áfíríkà títí, kò sẹ́ni tó ní ọwọ́ rẹ̀ bàjẹ́.

Ti ilé gan-an ò sì rí bí wọ́n ṣe rò ó. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ìyá á mú ìyẹ́ adìyẹ, á tì í bọ ẹ̀kọ láfún, á máa fà á lórí aṣọ funfun. “Ìbàdàn dùn” tí wọ́n ń yà, pẹ̀lú òpó gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí tó wà láàárín àwọn òpó, ẹnì kan ló kọ́kọ́ yà á, àìmọye ìyá ló sì ti wò ó yà. Síbẹ̀ aládìrẹ tó gbọ́ṣẹ́ á na aṣọ, á sọ ẹni tó ni ọwọ́ fún yín. Ibi tí ìyá kan ti fún ìlà pọ̀, òmíràn fi àyè sílẹ̀. Wọ́n jọ ń yin ara wọn, wọ́n sì jọ ń tajà.

Olè wà o. Ẹni tó ya àwòrán Ben Enwonwu, gbajúgbajà ayàwòrán wa, tó kọ orúkọ Enwonwu sí i, tó tà á, olè ni, ọlọ́pàá ló yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tó wo Enwonwu yà láti mọ bó ṣe gbé ọrùn obìnrin dúró, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, a sì ń fìyà olè jẹ akẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Bí ẹ̀bùn bá ti wà nínú ọmọ tẹ́lẹ̀, kí la fẹ́ fi àwòrán hàn án fún? Àwáwí tí a fi ń fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láìsí àwòrán kan lára ògiri nìyẹn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà ní Oníkan. Ti Yemisi Shyllon wà ní Yunifásítì Pan-Atlantic ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí láti 2019. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó síwájú àwòrán kan ṣoṣo pẹ̀lú bébà àti pẹ́ńsù fún odindi wákàtí kan, kí wọ́n wò ó yà. Bí wọ́n bá parí, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ yà á sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì kọ tiwọn tẹ̀ lé e.