Àtúnṣe sáfà báńkì: ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kan gbogbo wa

Kò sí ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì tàbí tó ń fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ nílé ẹ̀kọ́ lóde òní tí kò mọ gbólóhùn náà, "nẹ́tíwọ̀kì ò sí". Àgbẹ̀ tó ta kòkó ti gbọ́ ọ, ìyá tó fẹ́ gba owó gààrí rẹ̀ lọ́wọ́ oníPOS náà ti gbọ́ ọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì ló máa ń fà á nígbà gbogbo. Nígbà mìíràn, àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú ìṣirò owó wa, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà, ni wọ́n ń tún ṣe. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí àwọn báńkì kan nílẹ̀ yìí pààrọ̀ ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wọn, ojú ọ̀pọ̀ oníbàárà rí màbo kí wọ́n tó rí owó wọn gbà.

Ti ọdún 2024 yẹn, ètò òkè ni. Àtúnṣe mìíràn wà tó jinlẹ̀ jù ú lọ, òun ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sáfà ni wọ́n ti ń fi ìlànà kan sínú rẹ̀, tí òyìnbó ń pè ní firmware. Òun ló kọ́kọ́ ń jí nígbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà, òun ló sì ń sọ fún díìsìkì, fáànù àti àwọn ẹ̀yà yòókù bí wọn yóò ṣe ṣiṣẹ́. Bí orí inú ṣe jẹ́ fún ọmọ ènìyàn ló ṣe jẹ́ fún ẹ̀rọ. Bí ó bá dàrú, kò sí ohun tí ètò òkè lè ṣe sí i.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, kí ló dé tí wọn kò fi í sílẹ̀ bó ṣe wà? Ìdáhùn wà nínú ohun tí ilé iṣẹ́ HPE ti Amẹ́ríkà kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2019. Wọ́n ní àṣìṣe wà nínú firmware àwọn díìsìkì SSD kan tó wà nínú sáfà wọn. Bí irú díìsìkì bẹ́ẹ̀ bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 32,768, ìyẹn ọdún 3, ọjọ́ 270 àti wákàtí 8, yóò kú fin-ín-fin-ín, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní ṣeé gbà padà. Èyí tó tún burú ni pé àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà lè jọ kú pọ̀, tí èkejì kò fi ní lè gba èkíní là. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, HPE tún kéde irú rẹ̀ mìíràn, wákàtí 40,000 ni tìyẹn. Firmware tuntun ni oògùn méjèèjì, ó sì ní láti wọlé kí wákàtí náà tó pé. Igi gànràngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Nítorí náà, àtúnṣe di dandan. Ọ̀nà tí wọn yóò gbà ṣe é ló kù, mẹ́ta pàtàkì ló sì wà.

Èkíní ni kí wọ́n ṣe é láti orí ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lórí sáfà náà. Ó rọrùn, iṣẹ́ kò sì ní dúró lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ṣì ní láti pa ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sì tún un tàn, kí àtúnṣe tó múlẹ̀. Bí kòkòrò kọ̀ǹpútà bá sì ti wà nínú ètò òkè, ọ̀nà yìí kan náà lè gbé e dé ìsàlẹ̀.

Èkejì ni kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń gbé inú sáfà bí alábòójútó. Dell ń pe tirẹ̀ ní iDRAC, HPE ń pe tirẹ̀ ní iLO. Bí iná bá ti wà lára ẹ̀rọ, alábòójútó yìí kì í sùn, kódà bí wọ́n bá pa sáfà fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan lè jókòó sójú kan, kí ó tún ọgọ́rọ̀ọ̀rún sáfà ṣe.

Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n gbé sáfà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá, kí wọ́n fi fláàṣì tàbí díìsìkì tí àtúnṣe wà nínú rẹ̀ tàn án. Ó dájú, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò, ó sì ń fẹ́ ènìyàn nídìí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Ní tèmi, ọ̀nà kejì ló yẹ báńkì tàbí ilé ìwòsàn ńlá tó ní sáfà púpọ̀. Iléeṣẹ́ kékeré tó ní ẹyọ kan tàbí méjì lè lo ẹ̀kẹta, kí ó fara mọ́ ìdúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì ní ẹ̀gún tirẹ̀. Ní ọdún 2017, wọ́n rí ihò kan nínú iLO 4 tí àjèjì lè gbà wọlé láìní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ní Iran kéde kòkòrò kan tó fara pamọ́ sínú firmware iLO. Ó ń pa ohun tó wà lórí díìsìkì rẹ́, bí wọ́n bá sì fẹ́ tún firmware náà ṣe, yóò díbọ́n bí ẹni pé àtúnṣe ti wọlé, nígbà tí kò sí ohun tó wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá yan ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ fi alábòójútó náà sórí nẹ́tíwọ̀kì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó má ṣe tú u sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀nà yòówù tí wọ́n bá yàn, kí wọ́n má ṣe kó gbogbo sáfà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, àtúnṣe kan láti ilé iṣẹ́ CrowdStrike da nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà dúró kárí ayé. Kì í ṣe firmware, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: ó jáde sí gbogbo ayé kí ẹnikẹ́ni tó rí àléébù rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára ẹyọ kan tàbí méjì, kí wọ́n dúró wò ó, kí wọ́n tó kan àwọn yòókù. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ti ilẹ̀ wa tún wá yàtọ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí firmware ń wọlé lọ́wọ́, sáfà náà lè má jí mọ́. Ní orílẹ̀-èdè tí ẹ̀rọ apíninà gbogboogbò dojú dé lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún 2024 nìkan, bátìrì tó dáa àti jẹnẹrétọ̀ tí epo wà nínú rẹ̀ jẹ́ ara àtúnṣe náà.

Ẹ̀yin àgbà wa, a kò sọ pé kí ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n owó yín ló wà níbẹ̀. Báńkì tó bá fẹ́ tún sáfà rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ kéde ọjọ́ àti wákàtí tí yóò fi dúró ṣáájú, ní èdè tí ará oko yóò gbọ́, lórí rédíò, kì í ṣe lórí fóònù nìkan. Kí ó má sì jẹ́ ọjọ́ ọjà tàbí ìparí oṣù. Ó sì yẹ kí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa máa bi wọ́n léèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, kí ìyà àìbìkítà ẹlòmíràn má baà jẹ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.