Ẹ Má Ti Àwòrán Iṣẹ́ Ọnà Wa Mọ́lé

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tí olùkàwé yín kan kọ nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, níbi tó ti ní kí àwọn mùsíọ́mù wa má ṣe gbé àwòrán ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sórí Wikimedia Commons, ìkànnì tí ẹnikẹ́ni ti lè mú àwòrán lò lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn òyìnbó má baà sọ ọ́ di ọjà. Ìbẹ̀rù rẹ̀ yé mi, nítorí wọ́n ti kó wa lẹ́rù rí. Ṣùgbọ́n àwa gan-an ni àbá yìí máa pa lára.

Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, àgbà agbẹ́gilére tó kú ní nǹkan bí ọdún 1938. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, èyí tó ya àjẹ̀lẹ̀ òyìnbó tí wọ́n gbé wá kí ọba sí, ti wà ní British Museum, ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ọdún 1924. Àwòrán rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, àmọ́ àṣẹ ìlò tí wọ́n fi sí i kò fàyè gba òwò. Òǹtẹ̀wé ará Ìbàdàn tó bá fẹ́ fi sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ tó máa tà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè ní Lọ́ńdọ̀nù. Òpó kan tí Ọlọ́wẹ̀ yìí kan náà gbẹ́ wà ní Metropolitan Museum ní New York. Láti ọdún 2017 tí wọ́n ti ṣí àwòrán bíi 375,000 sílẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Èwo ló ṣe ọmọ wa láǹfààní? Títi àwòrán mọ́lé kò sì dá ilẹ̀kùn kankan padà sí Ìkẹ́rẹ́.

Gbígbé àwòrán sórí Commons kò kọjá agbára wa. Ọ̀fẹ́ ni Pattypan, ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà tó ń gbé àwòrán lọ síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ á kọ orúkọ ohun náà, ẹni tó gbẹ́ ẹ, ìlú, ọdún àti àṣẹ ìlò sínú àtẹ, Pattypan á sì kó gbogbo àwòrán náà lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. OpenRefine, ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà míì, ní tirẹ̀ ń tún àkọsílẹ̀ tó rí wúruwùru ṣe. Bí ẹnì kan bá kọ “Olowe of Ise”, tí ẹlòmíì kọ “Ise, Olowe of”, á bá òṣìṣẹ́ tọ́ka sí i kó lè so wọ́n pọ̀. Lórí Commons, àyè sì wà lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan fún àlàyé lédè Yorùbá. Bí àwa ò bá kọ ọ́, ohun tí àwọn ará òkèèrè bá sọ nípa iṣẹ́ baba wa nìkan ni ayé á máa kà.

Mo gbà pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Ohun awo tí kò yẹ kí ọ̀gbẹ̀rì fojú kàn, kó wà níbi tó wà. Ohun tí a bá kọ sínú àtẹ nìkan ni ẹ̀rọ ń gbé. Nítorí náà, kí àwọn olórìṣà àti àwọn ìjòyè jókòó ti òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù nígbà tí wọ́n bá ń ṣa ohun tó máa jáde.

Mo wá ń rọ ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ wa àti àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù lórílẹ̀-èdè yìí pé kí wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ ní kámẹ́rà, dátà àti ẹ̀kọ́ lórí àwọn ẹ̀rọ yìí. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀tọ́ àdàkọ wọn ti parí, kí wọ́n sì fi Yorùbá ṣe àlàyé wọn kí wọ́n tó fi èdè míì ṣe é.

Èmi ni olùkàwé yín,
Ìbàdàn.